Ẹni Tí Ń Rìn Níwájú Ọkọ̀

Èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní kí n máa darí ọkọ̀.
Jíìpù márùn-ún, aago mẹ́fà òwúrọ̀ kù díẹ̀,
ìdí Òkè Ṣẹ́rẹ̀, lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì,
ọyẹ́ ń bù wá létí jẹ.
Tersoo ti wọkí-tọkí bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní,
"Àkànmú, ìwọ lo mọ ẹsẹ̀ rìn. Ṣíwájú.
Ibi tí ìka rẹ bá nà sí ni táyà wa yóò tẹ̀."

Lánàá, ẹnu là ń fi wakọ̀.
Láti Àbújá la ti ń da ìlú sẹ́nu bí ẹ̀pà,
Kẹ́fí, Àkwáńgà, a gbé wọn mì láìrún.
Ọ̀kan ní tòun wọ odò Gúrárà dé àyà rí, kò húkọ́.
Ọ̀kan ní wọn ò tíì bó ọ̀rá lára àga tòun.
Bitrus, ọmọ ibẹ̀, ń rẹ́rìn-ín sínú kọ́ọ̀pù tíì.
Òkè kì í bá ọkọ̀ jiyàn.
Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, dandan ni kó tẹríba.

Òkúta àkọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bí abo màlúù tó lóyún,
èyí tó tẹ̀ lé e yọ eyín.
Mo gbọ́wọ́ ọ̀tún, ṣítíárì yí.
Mo na àtẹ́lẹwọ́, ẹ́ńjìnnì dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Mo ká ìka wá sọ́dọ̀ ara mi díẹ̀díẹ̀
bí ìgbà tí à ń pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdúró:
tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́,
má wo ilẹ̀, ojú mi ni kó o wò.

Rẹ̀mílẹ́kún ló wà nínú ìkẹta,
òun gan-an ló sì ń wá ẹni tí yóò rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.
Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ó ń fì dirodiro létí ọ̀gbun.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, oko ọ̀dùnkún kéré bí áńkáṣì,
ọgbà ọrọ́ yí i ká bí ìṣẹ́tí.
Gbogbo wọkí-tọkí ń pariwo: Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn!
Èmi ní, Iwájú.
N kò mọ jíà, n kò mọ kílọ́ọ̀ṣì.
Òkúta tó ti yẹ̀ lẹ́yìn táyà ni mo rí, tí wọn ò rí.
Ó wò mí láti inú gíláàsì. Mo wò ó.
Kò dá èmi náà lójú;
ojú mi nìkan ni n kò jẹ́ kó gbọ́.

Ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ bá wa,
ìdì igi lórí, sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.
(Bitrus ní Ngo Kaneng ni wọ́n ń pè é.)
Kò sọ ẹrù. Ó bẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán,
ó mú òkúta kan, ó kì í bọ abẹ́ táyà,
ó fi gìgísẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì.
"Sànnú," ló wí. Ó kọjá lọ.
Wínṣì olówó ńlá wa ṣì wà nínú ọ̀rá.

Ọkọ̀ gbéra.
Rẹ̀mílẹ́kún kò sunkún. Èmi ni omi bọ́ lójú mi,
mo ní eruku ni.

Lórí òkè, wọ́n ya fọ́tò: ọkọ̀, àwọn, ọkọ̀.
N kò sí nínú ìkankan, èmi ni mo di fóònù mú.
Tersoo ju kọ́kọ́rọ́ sí mi: "Wà á díẹ̀, kó o lè rí ròyìn."
Mo jù ú padà. Ìsọ̀kalẹ̀ ṣì ń bẹ níwájú,
ìsọ̀kalẹ̀ sì ni òkè fi ń gba owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ní Bẹ́gà, mo fẹ́ sọdá títì.
Ọwọ́ mi lọ sókè láìbi mí, àtẹ́lẹwọ́ síta.
Takisí aláwọ̀ ewé kan dúró gbọin.
Awakọ̀ yọrí: "Ńyáńyá ni?"
N kò dáhùn.
Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè,
èmi ń wo táyà rẹ̀,
ibi tó tẹ̀.