Ògiri Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Là

Ní Oulu, lóṣù Keje, oòrùn kọ̀, kò wọ̀.
Aago méjìlá òru lù, mò ń kọ iṣẹ́ láìtan iná.
Lábẹ́ omi, kámẹ́rà kan ń ṣọ́ àkàsọ̀
tí àwọn ẹja ń gùn padà sílé:
àádọ́rùn-ún àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Tẹ́lẹ̀, abọ́ abọ́ la fi ń gbé wọn.
Èkùrọ́ ẹ̀rọ á bù,
ètò tó ń ka ẹja á na abọ́ tirẹ̀,
ẹ̀dà kan níhìn-ín, ẹ̀dà kan lọ́hùn-ún,
títí kọ̀ǹpútà fi ń mí hẹlẹhẹlẹ,
tí ẹja mọ́kànlá sì kọjá láìsí ẹni tó kà wọ́n.

Èkùrọ́ ni mò ń pe inú lọ́hùn-ún, torí eésan rẹ̀ le.
Awakọ̀ ẹ̀rọ ló ń gbé ibẹ̀. Kò ní ọkọ̀,
kò ní ìwé àṣẹ, àfi èyí tí mo bá kọ fún un.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n la ògiri,
kí ètò fojú ara rẹ̀ wo inú ìkòkò.
Ibì kan náà nínú ìrántí, orúkọ méjì:
awakọ̀ ń pè é ní yàrá ẹ̀yìn,
ètò ń pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.
Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan.

Veijo Törmänen ka iṣẹ́ mi, ó ń mu kọfí kẹta.
“Báwo ni fèrèsé yìí ṣe fẹ̀ tó?”
Mo ní bí ètò bá ṣe béèrè.
Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.
“Ẹni tó béèrè ojú ewé mẹ́jọ lára ohun tí kò ju mẹ́fà lọ,
méjì tó kù, ti ta ni yóò máa wò?”

Mi ò fèsì.
Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀;
èmi ni mo sì di òòlù mú.

Mo padà sídìí rẹ̀. Mo wọn ìbú, mo tún un wọ̀n,
mo ṣọ́ nọ́ńbà tó lè tóbi títí kó yí padà di òdo.
Mo kọ ọ́ sí etí fèrèsé: wò ó, má fọwọ́ kàn án.
Bí wọ́n bá yọ kámẹ́rà lójijì ńkọ́?
Mo ń ka àwọn tó ń wòran;
a kì í wó ilé tí ẹnìkan ṣì dúró lójú fèrèsé rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹja kan náà ń kọjá, ó tún ń kọjá,
àpá kan náà léti lẹ́bẹ́ rẹ̀.
Ẹja ti lọ. Àwòrán ò lọ:
ìrántí tó súnmọ́ ojú jù ló ń purọ́ fún ojú.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìlà kan ṣoṣo ni oògùn rẹ̀.

Veijo fèsì láàárọ̀: “Ó dáa.”
Lẹ́yìn náà: “Àmọ́ orúkọ tó o sọ ìlà ogójì, ìwọ nìkan ló lè yé.”
Mo rìn dé orí afárá. Mo wo omi títí.
Mi ò rí ẹja kankan.