Síkúrù Mẹ́rin

Ní erékùṣù Chiloé, níbi tí òjò kì í ti í dágbére,
Liborio, bàbá bàbá mi, fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó sínú agolo kọfí:
owó ọ̀dùnkún, owó ìṣáwùrù,
owó ọkọ̀ ojú omi tó bá aládùúgbò kùn lọ́dà.
Àdògán irin ilé wọn dàgbà ju ìgbéyàwó wọn lọ.
Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà,
wáyà ni Eduvigis fi so ó,
èéfín sì ń yọ́ jáde bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ilé kejì ti ra tuntun.
Ó funfun báláú, ó ní gíláàsì lójú,
èèyàn lè jókòó kó máa wo iná bí ẹni ń wo sinimá.
Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di àlejò lójú bàbá àgbà.
Ojú rẹ̀ ti kúrò nílé, ara rẹ̀ nìkan ló kù.
Bí ọbẹ̀ dùn, á ní èéfín wà nínú rẹ̀.
Bí kò sí èéfín, á ní èéfín ń bọ̀.

A wọkọ̀ ní ìdájí, a dé Puerto Montt.
Èmi ni mo máa bá a gbé ẹrù.
Ṣọ́ọ̀bù náà tóbi,
àdògán bí ogójì tò bí ọmọ iléèwé,
kò sí ọ̀kan tó gbóná nínú wọn.
Bàbá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin tuntun,
ó tutù bí imú ajá.
Ó dúró pẹ́.
Ọmọ ìtajà bi í pé kí ló ń wá, kò dáhùn.

Mi ò mọ ohun tó rò. Títí ó fi kú, mi ò bi í.
Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lára ti àtijọ́ yẹn
ni wọ́n ti yá ìlédìí bàbá mi gbẹ,
àti pé lóru tí ilẹ̀ mì, tí òkun gòkè,
tí ilé wa tẹ̀ sí apá kan,
iná inú rẹ̀ kò kú.

“Síkúrù,” ló wí níkẹyìn. “Mẹ́rin. Èyí tó nípọn.”

Owó wọn kò tó ti búrẹ́dì.
Nínú ọkọ̀, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń kà wọ́n,
ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin,
ó tún kà á, bí ẹni pé wọ́n lè bímọ.

Ìyá àgbà wo ọwọ́ wa, ó wo ẹ̀yìn wa.
Kò bèèrè.
Ó tú wáyà, ó ká a, ó fi sápò;
wáyà ṣì lè wúlò lọ́la.
Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń yí síkúrù, orúnkún rẹ̀ ń ké.
Ilẹ̀kùn pa dé.
Èéfín wá ọ̀nà títí, kò rí.

A jẹ ọbẹ̀ ẹja àti ọ̀dùnkún elésè àlùkò,
òjò ń lu pátákó òrùlé.
Lójijì ni bàbá àgbà ní, “Ọbẹ̀ yìí mà dùn o.”
Ìyá àgbà ní, “Bó ṣe dùn lánàá náà nìyẹn.”

Owó inú agolo, bàtà òjò ni wọ́n fi rà fún wa.
Tèmi tóbi jù.
Mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.