Abala Kẹfà

Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà ló já mi sílẹ̀ ní Olomouc,
òjò winniwinni ń rọ̀,
bó ṣe rọ̀ lọ́dún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn
tí mo ti Coimbra dé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo,
tí mi ò gbọ́ ju “ẹ ṣé” àti “búrẹ́dì” lọ nínú èdè wọn.
Lónìí, ìwé àdéhùn mẹ́rin wà nínú báàgì mi,
wọ́n sì ń pè mí ní Ọ̀gá.
Ilé ìtọ̀ ibùdókọ̀ ṣì ń gba owó ẹyọ.
Òun nìkan ló dà bí ẹni tó dá mi mọ̀.

Bohumír da kọfí fún mi ní ọ́fíìsì,
a jókòó ti ìwé náà bí ẹni ń ná ewúrẹ́.
“Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ óò gbà?”
“Méjì.”
“Ẹ ṣe é ní mẹ́rin.”
“Kò sí yàrá.”
“Ó dáa, mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi olùkọ́ kan ṣe ènì.”
Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín ọmọ ọlọ́mọ lórí tábìlì
kí kọfí tó tutù.

Mo ní mo fẹ́ nasẹ̀ díẹ̀. Irọ́ ni.
Ilé Zdeňka ni mo ń lọ, àjà kẹta,
obìnrin tó máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀
tó ń ka ìṣẹ́jú omi gbígbóná mi:
“Méje rèé o! Ṣé ẹja ni ọ́ ni?”
Òun náà ló fi òwú búlúù hun ìbọ̀sẹ̀
nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́,
ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó bá tirẹ̀ lọ.
Orúkọ ẹlòmíì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ẹnu ọ̀nà.
Mo tẹ̀ ẹ́ ṣáá.
Ọmọkùnrin kan yọrí lójú fèrèsé, ó bi mí ní nǹkan kan.
“Ẹ ṣé” àti “búrẹ́dì” ló ṣẹ́kù lẹ́nu mi.
Mo yan “ẹ ṣé.”

Ní Turku, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ṣì ń gbé èèyàn sọdá odò lọ́fẹ̀ẹ́,
àjò tí kò tó ohun tí à ń bọ́ ìbọ̀wọ́ sí.
Ilmari ni mo bá wá, èmi àti ẹ̀ la jọ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀.
Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń sin oyin,
etí rẹ̀ ti di, kò gbọ́ fóònù mọ́.
Ọ̀dọ́bìnrin kan ló jókòó sórí àga rẹ̀.
Sanelma lorúkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ò rántí mi, Dona Idalina.”
Mi ò rántí.
“Èmi ni mo fẹ́ sá wálé lọ́sẹ̀ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ yín.
Ẹ kọ lẹ́tà sí mi. Lẹ́tà náà ò dùn.
Ẹ ní òkúta ìlú yín máa ń yọ̀,
kí n lọ ra bàtà gidi, kí n yé sunkún.”
“Ṣé o rà á?”
Ó ní ìyá òun ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko báyìí.

A ka ìwé náà láti òkè.
Nígbà tó dé abala kẹfà, ó fi bírò lu ọ̀rọ̀ kan:
*Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ padà sílé ní òpin sáà.*
“Padà,” ó ní. “Ta ló kọ èyí?”
Èmi ni.
Àjò kì í dùn kónílé má relé,
ohun tí mo rò tán nígbà yẹn nìyẹn.
A wá ọ̀rọ̀ mìíràn títí, a ò rí i.
A fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ mi di alẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò,
mo wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà pẹ̀lú bàbá kan àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
A gúnlẹ̀. Bàbá ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.
N kò ní nǹkan kan í ṣe lódìkejì.
Mo dúró síbi tí mo dúró sí,
ọkọ̀ náà tún gbé mi padà.