Bírò Pupa
Mo mú bírò pupa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Òkèsà, n'Iléṣà,
kí n lè ṣa àṣìṣe bí òkúta inú ẹ̀wà.
Ìbíwùmí Fápohùndà dìde. Kò wo ìwé.
Ohùn òkè rẹ̀ yọ tín-ín-rín
bí omi abẹ́ àpáta,
ó gun àjà, ó dúró síbẹ̀;
èémí àwa tí a jókòó ló tán.

Òjò dé sórí páànù, dùùrù sáré,
òun ò bá wọn sáré.
Níbi ẹkún Rákélì, ó fo ọ̀rọ̀ kan.
Ìyá tó jókòó tì mí ń fi gèlè nujú.
Mo dé bírò.

Olóòtú fẹ́ odidi ojúewé;
ìlà kan ni mo kọ:
ẹni tí kò wá, kó lọ bi òjò léèrè.