Wọ́n Yan Ọ́ Bí Búrẹ́dì

Orrin, wọ́n ti yan ọ́ bí búrẹ́dì.
Mo fi ojú ara mi rí i nílé Marlys Tveit,
nínú ààrò kékeré tí ó fi ń mú ápù gbẹ:
téèpù mẹ́rin, wákàtí mẹ́jọ, iná tí kò lè jó ọwọ́ ọmọdé.
Ó ní àtè ara wọn ti ń yọ́,
pé bí a bá lù wọ́n bẹ́ẹ̀, ohùn wa yóò máa ṣí bí èèpo iṣu.
Ọdún méjìdínláàádọ́ta, Orrin,
ni a fi wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé ìyá Lyle,
láàárín agolo ọ̀dà àti bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín.
Lára páálí náà, ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́:
*Duluth, oṣù kejì. Ẹ má pa á rẹ́.*

Òru ọjọ́ yẹn, adágún ti di òkúta títí dé ibi tí ojú mọ.
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa kọ̀ jálẹ̀. A tì í láti ilé epo
dé ẹnu gbọ̀ngàn tí àwọn apẹja ti ń ṣèpàdé.
Òórùn ẹja ò kúrò lára aṣọ títa.
Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, bóyá, nínú ẹ̀wù òtútù,
èémí wọn ń rú sókè bí ẹni pé gbogbo wọn ló ń mu sìgá.
(Ẹgbàá la máa ń sọ fún àwọn oníròyìn.
Téèpù ò mọ oníròyìn. Ó ka àtẹ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.)

Marlys tẹ nǹkan kan. Ariwo kùn-ùn, bí oyin inú igi.
Lẹ́yìn náà, ìwọ. O wúkọ́.
Kí gìtá kankan tó dún, kí Lyle tó ṣépè fún máìkì,
ikọ́ rẹ ló kọ́kọ́ wọlé, ikọ́ gbígbẹ yẹn
tí a fi ń pè ọ́ ní bàbá àgbà
nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
A rò pé òtútù ni.

Etí òsì mi, èyí tó máa ń kọjú sí ọ, ti di.
Ọ̀tún ni mo fi gbọ́ orin kẹta.
O rántí orin kẹta.
Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá bi mí, mo máa ń ní
Orrin ló sáré, Orrin ló bà á jẹ́;
mo sọ ọ́ lójú ìyàwó rẹ, mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ, a sì rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún
kí òtítọ́ tó bá a ní ọjọ́ kan ṣoṣo.
Tèmi rìn ju ogún lọ. Nínú ilé ẹlẹ́pù ni ó ti kúnlẹ̀.
O kò sáré.
Èmi ni mo já sílẹ̀, èmi Kivela, ìka mi ti kú fún òtútù,
ìwọ sì dẹ ọwọ́, o dúró dè mí,
bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tó ru ẹrù,
títí mo fi wọlé. Ìwọ kò sì sọ ọ́ rí.

Marlys ní ilé iṣẹ́ ní Chicago fẹ́ kí ó dán,
pé òun lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.
Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.
Kí ó fi obìnrin yẹn náà sílẹ̀ tó ń kígbe láàárín orin
pé, "Verna! Bọ́ọ̀sì ti ń lọ!"
Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Verna bá a.

Signe ọmọ rẹ wá ní ọjọ́ Sátidé. Kò béèrè orin kankan.
Ó ní kí Marlys dá a padà sí ibi ikọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó gbé orí sún mọ́ ẹ̀rọ náà.
Ó bi mí pé, ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?
Mo ní, rárá o.
Mo ní, òtútù ni.