Obì Igi Mẹ́ta

Obì mẹ́tàdínlógún ni mo kó wá láti Ìpẹrù:
ti ẹ̀bá odò, ti ẹ̀yìnkùlé,
ti ọ̀nà Ògèrè, tí kòkòrò ti jẹ méjì níbẹ̀.
Mo gé wọn wẹ́wẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè;
kí n tó mí, ojú ọ̀bẹ ti dúdú,
ojú obì ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún.
“Yára!” ni Ọ̀gbẹ́ni Odùlámì wí,
“ohun tí ò ń wá ló ń sá lọ yẹn.”

Mo lọ̀ ọ́, mo da ọtí líle sí i, mo sẹ́ ẹ,
ó ń kán tó, tó.
Iná lọ. Iná dé. Iná tún lọ.
Mo kán oògùn aláwọ̀ ìyeyè sí i,
mo bu sódà lé e,
mo fi í pamọ́ sínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
Aró ni mo bá níbẹ̀,
aró tó ki, tó mutí yó.

Ẹ̀rọ ka àwọ̀, ó sọ iye.
Mo tẹ Baba láago:
“Ti ẹ̀bá odò ló korò jù.”
Mo gbọ́ tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu.
“Ahọ́n mi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.
Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.
A kì í jogún ahọ́n.”

Ìka mi ṣì pọ́n lọ́jọ́ kejì.
Mi ò wá ọṣẹ.