Lẹ́yìn Júbílì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Láníyọnu fi wa bọ́ọ̀sì ní Wínípẹ́ẹ̀gì,
bí yìnyín dé orókùn, bí afẹ́fẹ́ ń gé etí bí abẹ.
Bí ẹ̀rọ tí ń pe ibùdókọ̀ bá yadi,
òun fúnra rẹ̀ a pè é, ketekete:
Pọ́téèjì. Búrọ́díwéè. Ọ́síbọ̀nù. Rífà.
Oríta Ìdàrúdàpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́,
ó sì máa ń rẹ́rìn-ín bó bá pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ó mú ṣíbí,
ó pè é ní àkàbà.
Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lọ́rùn mi dòní.

Rọpárọsẹ̀ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó kó ọ̀rọ̀ lọ.
Afésíà, ni dókítà wí.
Orúkọ tó rẹwà báyẹn, ìbá jẹ́ ti ọmọbìnrin.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́.
Tiwa ò balẹ̀. Ó wà nínú ìtẹ́, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́;
ọ̀nà ìtẹ́ la ò rí.
Ẹ má pariwo mọ́ ọn, etí rẹ̀ ò di.
Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó ní, ṣé ó ṣì ń dá èèyàn mọ̀?
Láníyọnu gbọ́.
Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde sínú yìnyín.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé,
àwa méje, tíì, bisikíìtì, àwòrán lórí páálí.
Gásítọ́ọ̀nù, agbẹjọ́rò àná, kò ní ju “bẹ́ẹ̀ ni” kan lọ mọ́;
ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń fi bẹ́ẹ̀ ni sọ pé rárá.
Noemí, olùkọ́ wọn, kì í kánjú.
Ó kọ́ mi kí n kó ahọ́n mi níjàánu,
èmi tí mò ń bá a parí gbólóhùn.
Ó nira ju kíkó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà lọ.

Òun ló ní, ohun tí ẹnu mọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé
lè ṣẹ́kù. Ṣé ó mọ orin kan? Àdúrà? Òǹkà?
Mo ní: ibùdókọ̀.

Láníyọnu na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni di sítíárìn mú.
Pọ́téèjì, ni mo wí.
Búrọ́díwéè, ló wí. Ọ́síbọ̀nù. Rífà.
Oríta Ìdàrúdàpọ̀!
Gásítọ́ọ̀nù ń lu tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,
lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí.

Ṣùgbọ́n orúkọ mi ò sí lójú ọ̀nà yẹn.
Àwẹ̀ró. Ẹni tí a wẹ̀, tí a sì ró láṣọ.
Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ báyìí, tí mò ń bá a di bọ́tìnnì.
Oṣù mẹ́jọ, kò pè mí.
“Ìwọ… ìwọ yẹn.” Nígbà mìíràn, orúkọ ajá aládùúgbò.

Ni mo bá kọ́ ibùdókọ̀ tuntun.
Lálaalẹ́, nídìí fèrèsé, a ó gbéra:
Pọ́téèjì, Búrọ́díwéè, Ọ́síbọ̀nù, Rífà,
oríta, Júbílì.
Lẹ́yìn Júbílì, Àwẹ̀ró.
Ẹnìkan ń dúró níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù.
Alẹ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ kọjá mi.
Alẹ́ kejì, ọkọ̀ kọjá mi.
Alẹ́ mọ́kànlélógún.

Lánàá, lẹ́yìn Júbílì, ó tẹ bíréèkì.
Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.
Ẹnu rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tì.
Ó wá kùn ún, ní imú:
ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè.
Orúkọ mi nìyẹn.
Ó ti wẹ̀, kò tíì róṣọ.

Mo dìde, mo wọkọ̀.